Ibi tí Ilẹ̀ ti Sán ní Atlanta

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ilẹ̀, tí a dúró lé lórí kí a tó lanu sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ odò Chattahoochee, omi rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu. Ẹ wò ó lórí máàpù: bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, ńṣe ló ń lọ tààrà. Odò kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta abẹ́ rẹ̀ ló ti sán. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní Brevard Fault Zone. Ó ti Alabama wá, ó dé North Carolina. Láyé àtijọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, apá kan ilẹ̀ ń ha apá kejì lára títí àpáta fi rún. Ibi tó rún ló rọ̀, ibẹ̀ ni omi gbà.

Irú rẹ̀ wà nílé náà, ní Ifẹ̀wàrà, tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Wúrà wà ní agbègbè yẹn, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ilẹ̀ tó bá ti sán ti bàjẹ́.

Ti Chattahoochee ti dákẹ́ tipẹ́. Èyí tí ojú kò rí ló ń bà mí lẹ́rù. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1886, ilẹ̀ mì tìtì ní Charleston, ní South Carolina, ìpínlẹ̀ tí Ọ̀yọ́túnjí wà lónìí. Nǹkan bí 60 èèyàn kú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára níbí. Síbẹ̀, kò sí ojú ibi tó là gbangba tí èèyàn lè nàka sí.

Ní ọdún 1962, dókítà aláwọ̀ dúdú kan, Clinton Warner, fẹ́ ra ilé ní Peyton Forest. Ni ìjọba ìlú, lábẹ́ Ivan Allen Jr., bá gbé ìdènà dí títì Peyton Road àti Harlan Road. Gbogbo ayé rí i, wọ́n fi wé ògiri Berlin. Àwọn èèyàn wa gbé e dé kóòtù. Nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 1963, wọ́n ti kó o kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ wa mọ́tò gba Boulevard lọ sí àríwá. Bí ẹ bá ti kọjá Ponce de Leon Avenue, títì kan náà ti di Monroe Drive. Kò sí odò níbẹ̀, kò sí òkè. Àwọn òpìtàn ìlú yìí sọ ìdí rẹ̀: àwọn aláwọ̀ funfun apá òkè kò fẹ́ kí àdírẹ́sì àwọn àti ti àwọn èèyàn wa nísàlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Kóòtù kò lè wó ìyẹn, kí ni wọ́n fẹ́ wó?

Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Old Fourth Ward, nísàlẹ̀ ìlà yẹn, níbi tí wọ́n bí Martin Luther King Jr. sí, owó ilé ibẹ̀ ti fò sókè, ọ̀pọ̀ ẹbí tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì ti kó lọ.

Ìgbìmọ̀ ìlú ló láṣẹ lórí orúkọ títì. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aráàlú níbi ìpàdé wọn. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn, ká fi ti Boulevard ṣáájú.