Ohùn Tí Ó Ń Ti Ojú Ọ̀run Wá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lè wà ní Ìbàdàn, kí àwa wà lóko, kí a sì máa gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìró kan wà tí ẹ̀rọ ń gbọ́, tí kò ti Ìbàdàn wá, tí kò ti Èkó wá, tí kò tilẹ̀ ti ibì kankan wá nínú ayé yìí? Láti àárín àwọn ìràwọ̀ ni ó ti ń wá. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ṣé ẹ̀dá kan bí àwa ni? Àbí nǹkan mìíràn ni? Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ ni Karl Jansky, ọmọ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń bá ṣiṣẹ́ ní New Jersey. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ máa fi rédíò gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù kọjá òkun, ṣùgbọ́n ariwo ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Wọ́n ní kí Jansky lọ wá ìdí ariwo náà. Ó ṣe ẹ̀rọ agbóhùn ńlá kan tí a lè máa yí kiri, kí ó lè mọ apá ibi tí ariwo ti ń wá. Oríṣi mẹ́ta ni ó rí. Èkíní ni ti àrá tí ó ń sán nítòsí. Èkejì ni ti àrá tí ó ń sán lọ́nà jíjìn. Ẹ̀kẹta kò jọ ti àrá rárá. Ó ń ṣe ṣìììì, bí ìgbà tí oru bá ń yọ lẹ́nu ìkòkò tí ó ń hó. Ojoojúmọ́ ni ó ń dé, ṣùgbọ́n bí ó bá dé lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni yóò fi ṣáájú àkókò tí ó dé lánàá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yìí sọ́kàn. Oòrùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ tí ó bá yọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ òní, bí oṣù kan bá kọjá, bí aago mẹ́fà ni yóò yọ. Nítorí náà ni Jansky fi mọ̀ pé kì í ṣe inú ayé ni ìró òun ti wá. Ní ọdún 1933 ni ó kéde rẹ̀ pé láti àárín agbo ńlá àwọn ìràwọ̀ ni, agbo tí oòrùn wa àti ayé wa wà nínú rẹ̀, tí a máa ń rí lóru bí ẹ̀fín funfun tí ó na ojú ọ̀run já.

Ìtàn tí ó kàn wá jùlọ ni ti ọdún 1967, ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin kan ni ó wà nídìí rẹ̀, Jocelyn Bell, ọmọ Àríwá Ireland. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ọmọ sí ilé-ìwé gíga. Ní ilé-ìwé tí ó sì wà, wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin máa kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí àwọn ọmọbìnrin máa kọ́ oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn ò gbà. Wọ́n lọ bá ilé-ìwé sọ ọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ẹnu òbí ti wúlò tó!

Nígbà tí ó dé Cambridge, ọ̀gá rẹ̀, Antony Hewish, fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ìró ojú ọ̀run. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ orí tábìlì ni o. Orí ilẹ̀ tí ó tó éékà mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n ri òpó tí ó lé ní 1,000 mọ́, tí wọ́n sì ta wáyà kiri ara wọn. Wáyà náà tó 120 máìlì. Jocelyn wà lára àwọn tí ó fi òòlù gbá òpó mọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, kálámù kan ń kọ ohun tí ẹ̀rọ bá gbọ́ sórí ìwé tí ó ń yí lọ láìdúró. Ìwé ọjọ́ kan máa ń gùn tó nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ojú ara rẹ̀ ni Jocelyn fi ń kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó rí àmì kékeré kan tí kò ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ. Kò jọ ti ìràwọ̀, kò sì jọ ariwo tí àwọn ènìyàn ń fa. Ẹlòmíràn ì bá fojú fò ó. Ṣùgbọ́n òun rántí pé òun ti rí irú rẹ̀ rí, láti apá ibì kan náà lójú ọ̀run. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, wọ́n mú kí ìwé náà máa yára yí, kí àmì náà lè fẹ̀ dáadáa. Àṣírí tú. Ìró kan yóò dún. Ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdámẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn yóò dún. Kò yára jù, kò falẹ̀ jù. Ó ń lọ gbọnrangandan bí ẹni ń lu agogo.

Háà! Nǹkan wo ni ó lè máa lu agogo báyìí, bí kì í bá ṣe ẹni tí ó ní làákàyè? Àwọn náà fi ṣe àwàdà láàárín ara wọn, wọ́n sọ ọ́ ní Àwọn Ènìyàn Kékeré Aláwọ̀ Ewé. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kò sáré lọ bá oníwèé ìròyìn. Láti ìtòsí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn pé, bóyá ẹ̀rọ ni kò dára? Wọ́n lo ẹ̀rọ mìíràn. Òun náà gbọ́ ọ. Wọ́n ní, bóyá iṣẹ́ ọmọ aráyé ni? Ṣùgbọ́n ìró náà ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bíi ti Jansky, aago àwọn ìràwọ̀ ni ó sì ń tẹ̀ lé. Ó wá ku ìbéèrè ńlá: ṣé àwọn ẹ̀dá kan ni ó ń pè wá láti ayé mìíràn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ayé wọn yóò máa yí oòrùn tiwọn po, bí tiwa ti ń yí tiwa po. Bí ayé náà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìró náà yóò yá díẹ̀. Bí ó bá ń lọ, yóò falẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n títí, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìyípadà kankan àfi èyí tí ìrìn ayé tiwa fà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, Jocelyn tún rí irú àmì bẹ́ẹ̀ ní apá ibòmíràn lójú ọ̀run. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wàyí. Ṣé ẹ̀dá méjì tí ó jìnnà sí ara wọn yóò ha ṣe àdéhùn láti máa fi irú ohùn kan náà pe ayé kékeré wa yìí lẹ́ẹ̀kan náà? Ó tì o. Ní oṣù kejì ọdún 1968 ni wọ́n tó tẹ ìròyìn náà jáde.

Kí ni ó wá ń lu agogo? Òkú ìràwọ̀ ni. Bí ìràwọ̀ ńlá bá jó tán, yóò bú gbàù, àárín rẹ̀ yóò sì fún pọ̀ mọ́ra. Ohun tí ó wúwo ju oòrùn lọ yóò wá kéré débi pé kò ní fẹ̀ ju ìlú ńlá kan lọ. Bí a bá bu ṣíbí kékeré kan níbẹ̀, yóò wúwo bí òkè. Ìràwọ̀ yìí ń yí bí òkòtó, ó sì ń ta ìtànṣán rédíò jáde bí ó ti ń yí. Ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun: ó dà bí iná tí wọ́n gbé sórí ilé gíga létí òkun láti máa tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Iná náà kì í kú, yíyí ni ó ń yí. Bí ó bá kọjú sí wa, a rí i. Bí ó bá kẹ̀yìn sí wa, a ò rí i. Pulsar ni wọ́n sọ ọ́. Èyí tí wọ́n ti rí títí di òní lé ní 3,000.

Ní ọdún 1974, wọ́n fún Hewish àti Martin Ryle ní ẹ̀bùn Nobel. Wọn kò fún Jocelyn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí i. Ní ọdún 2018, wọ́n fún òun náà ní ẹ̀bùn mìíràn, mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀nà kò là fún lọ́wọ́.

Ṣé gbogbo ìró ni a ti wá mọ ìdí rẹ̀? Rárá o. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1977, ẹ̀rọ kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, gbọ́ ìró líle kan fún ìṣẹ́jú àáyá 72. Nígbà tí Jerry Ehman ka ìwé rẹ̀, ẹnu yà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kálámù kọ “Wow!” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí àwa bá pariwo “Háà!” Wọ́n ti wá a títí, kò tún dún mọ́.

Òmíràn sì wà tí ó pani lẹ́rìn-ín. Láti ọdún 1998, ẹ̀rọ ńlá tí ó wà ní Parkes, ní Australia, ń gbọ́ ìró kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2015 ni wọ́n tó rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná nínú ilé-iṣẹ́ wọn ni! Bí ebi bá ń pa ẹnì kan, tí kò lè dúró kí ẹ̀rọ náà parí iṣẹ́, tí ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ìró a bọ́ síta.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Parkes yìí kan náà ti gbọ́ ìró tòótọ́. Ní ọdún 2007, Duncan Lorimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ìró kan tí wọ́n bá nínú àkọsílẹ̀ ọdún 2001. Bí ìṣẹ́jú ojú kọ́ ni ó pẹ́ tó. Ó kéré sí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rí púpọ̀ irú rẹ̀, láti agbo ìràwọ̀ tí ó jìnnà réré sí tiwa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀kan dún nínú agbo ìràwọ̀ tiwa gan-an. Òkú ìràwọ̀ kan tí agbára òòfà rẹ̀ pọ̀ jọjọ ni ó ti wá. Ìdí àwọn yòókù kò tíì yanjú tán, wọ́n ṣì ń wá a.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ méjì ni kí ẹ mú relé. Èkíní: bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò yé yín, ẹ má tètè fún un lórúkọ. Bí nǹkan bá ń dún lórí àjà lóru, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá èkúté ni, kí ẹ tó pariwo iwin. Èkejì: àmì tí kò ju ìdámẹ́rin íǹṣì ni ó la ojú aráyé, nítorí pé ẹnì kan ka ìwé rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá gbé ìwé gbèsè, ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó orí wá, ẹ ka èyí tí wọ́n kọ wínníwínní nísàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ka sí i. Onísùúrù ni í fún wàrà kìnnìún.