Bí Ooru Ṣe Ń Ti Ara Iná Dé Inú Ìṣù Púpurú: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Ilẹ̀ Òṣóòrò

Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ Òṣóòrò láti Igbótako dé Ìlútitun ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ooru ṣe ń kúrò lára ohun kan bọ́ sí ara òmíràn, mo rí i pé kò yẹ kí n máa wá àpẹẹrẹ lọ sí òkè òkun, nígbà tí iṣẹ́ tí ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé yín, èyíinì ni yíyan púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń ṣù tí a sì ń fi iná gbẹ, tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe láti ìran dé ìran.

Òfin kan ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ibi tí ooru bá ti pọ̀ ni ó ti ń lọ síbi tí ó kéré, kì í sì í sinmi àfi bí ìhà méjèèjì bá gbóná dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá sì ti pọ̀ tó ni ó ń yára tó, gẹ́gẹ́ bí Isaac Newton ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1701. Ìdí nìyí tí ìṣù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà tí a tò ó sí lókè iná fi ń yára tutù ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń lọ́ra nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó bá afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ dọ́gba.

Ẹ wá bá mi dé ìdí àjà. A ti bó ẹ̀gẹ́, a ti rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀ tí ó sì kan, a ti ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, a ti dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, a fọwọ́ ṣù ú roboto, a sì tò ó sókè iná. Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà bá a níbẹ̀. Apá kan ń ta láti ara ẹyin iná wá tààrà, irú èyí tí oòrùn fi ń ta wá lára láìnílò afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e. Apá kejì ń bá afẹ́fẹ́ rìn, nítorí afẹ́fẹ́ tí iná bá mú gbóná a máa fúyẹ́, a máa gòkè pẹ̀lú èéfín, a sì máa fi ooru sílẹ̀ lára ìṣù bí ó ti ń kọjá. Apá kẹta ni èyí tí ó ń ti èèpo wọ inú ìṣù lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ́ra gan-an: bí a bá ṣu ìṣù kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì, ìlọ́po mẹ́rin àkókò ni ooru yóò fi dé àárín rẹ̀. Ìyá tí ó bá ọmọ rẹ̀ wí pé ìṣù rẹ̀ ti tóbi jù, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó ń sọ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n omi inú ìṣù ni ó ń jẹ ooru jù. Joseph Black, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow, ni ó là á yé aráyé ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1760 pé kí omi tó di afẹ́fẹ́, yóò gbé ooru púpọ̀ mì láìfi ìgbóná kún ti tẹ́lẹ̀. Ooru tí yóò sọ lítà omi kan tí ó ti ń hó di afẹ́fẹ́ pátápátá lé ní ìlọ́po 7 èyí tí ó mú un láti ìwọ̀n 30 dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rinrin bá ṣì wà ní ibì kan nínú ìṣù, ibẹ̀ kò lè jóná. Èèpo tí ó ti gbẹ ni ó ń dúdú. Ẹni tí ó bá wá fi ìkánjú ko igi jọ kí iná lè bú, èèpo ni yóò sun, inú yóò sì wà ní tútù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Mo gbà pé ojú ọjọ́ wa pẹ̀lú ni ó kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, oòrùn tó láti sá làfún. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ olójò bíi tiwa yìí, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mu omi yó, ọ̀rinrin ara ẹ̀gẹ́ kì í tètè rí ibi lọ, àfi kí a fi iná mú afẹ́fẹ́ náà gbóná kí ó lè gbà sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Iná tí a dá sí gbangba kò mọ ìṣù yàtọ̀ sí ògiri, kò sì mọ ògiri yàtọ̀ sí ojú ìyá tí ó jókòó tì í. Gbogbo ohun tí ó bá tutù jù ú lọ ni ó ń fún ní ooru, atẹ́gùn a sì gbá púpọ̀ lọ. Kì í ṣe iná igi nìkan ni èyí ń bá jà. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ọmọ́tóṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa wa níhìn-ín, tí a ṣí ní ọdún 2007, ń fi gáàsì yí ẹ̀rọ. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ooru gáàsì ni ó ń jáde lọ sínú afẹ́fẹ́ láìdi iná mànàmáná. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún irin olówó ńlá, a kò gbọdọ̀ bú àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n a lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kí a fi amọ̀ tí ó nípọn mọ ògiri yí iná ká, kí a fi ẹnu kan ṣoṣo sílẹ̀ fún igi, kí àjà bo òkè rẹ̀, kí a sì la ojú èéfín gba ẹ̀yìn jáde. Amọ̀ kì í tètè jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì gbóná tán, yóò máa ta ooru padà sára ìṣù. Èéfín díẹ̀ yóò ṣì kan púpurú, nítorí láìsí òórùn rẹ̀ ẹnu wa kò ní gbà á ní púpurú, ṣùgbọ́n kò ní máa wọ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń yan án. Mo ń bẹ Fásitì Olúṣẹ́gun Àgágu tí ó wà ní Òkìtìpupa pé kí wọ́n bá wa mọ irú ààrò yìí kan sí ẹ̀bá ọjà, kí àwọn ìyá fúnra wọn sọ bí àjà yóò ti ga tó, kí a sì máa wọn igi àti ìṣù kí a tó dáná àti lẹ́yìn tí a bá sọ̀ wọ́n, lórí ààrò tuntun àti lórí ti gbangba, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ìyá kan wó èyí tí ó ń lò.