Ẹ Tọ́jú Fáìlì Ọnà Yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí aṣọ, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kan oúnjẹ òòjọ́ wa.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Ọnà náà wà nínú orí ẹni tí ó ń ṣe é. Bí olè bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò lè jí ohun tí ó wà nínú orí rẹ̀ kó lọ. Lóde òní, ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wa ń lò, inú fáìlì sì ni ọnà wà. Fáìlì yìí ni ó ń sọ fún abẹ́rẹ́ pé: lọ síwájú, yà sí ọ̀tún, dúró, pààrọ̀ òwú. Bí fáìlì bá sọnù, ọnà sọnù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wò ó. Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ wá: ogójì agbádá fún ìnáwó òkú ìyá rẹ̀. Ẹ ti ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Iná mọ̀nàmọ́ná dé pẹ̀lú agbára púpọ̀, ó sì jó kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ nìkan ni fáìlì wà. Kí ni ẹ ó sọ fún oníbàárà? Bí ẹ bá tún ọnà náà yà, ó ṣòro kí ó bá ti àkọ́kọ́ mu régí. Gbèsè dé, ìtìjú dé. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́rin.

Èkíní: ẹ mọ irú fáìlì tí ẹ ní. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni fáìlì tí ẹ̀rọ ń kà, bíi DST tàbí PES. Ìrìn abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó wà nínú DST. Kò tilẹ̀ mọ àwọ̀ òwú. Ìkejì ni fáìlì tí a fi ya ọnà. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìyá fáìlì. Bí ó bá jẹ́ Wilcom ni ẹ ń lò, EMB ni ó máa ń gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọnà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 di 30, inú ìyá fáìlì ni kí ẹ ti ṣe é, kí kọ̀ǹpútà lè tún ìrìn abẹ́rẹ́ ṣírò. Bí ẹ bá kàn fa DST gùn, òwú lè fọ́nká, kí aṣọ máa hàn láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá fún un pọ̀ jù, òwú á ki, aṣọ á le gan-an, abẹ́rẹ́ á sì máa ṣẹ́. Nítorí náà, ẹ pa méjèèjì mọ́. Ẹ má ṣe ju ìyá nù nítorí ọmọ.

Èkejì: ẹ fún fáìlì ní orúkọ tó ní ìtumọ̀. «Ọnà tuntun» kì í ṣe orúkọ, torí pé lọ́la ẹ ó tún ṣe tuntun mìíràn. Ẹ kọ irú ọnà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọdún. Ẹ jẹ́ kí orúkọ DST kúrú, nítorí ẹ̀rọ mìíràn kì í lè fi orúkọ gígùn hàn. Ẹ wá ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ orúkọ fáìlì, orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà òwú sínú rẹ̀. Ṣé ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí? Ẹ lò ó!

Ẹ̀kẹta: ẹ fi fáìlì pamọ́ sí ibi mẹ́ta. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú díìsìkì tí ẹ ń gbé lọ sílé. Ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google Drive, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Fláàṣì tí ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ó ń sọnù, ó sì ń kó fáírọ́ọ̀sì. Ní òpin oṣù, ẹ ṣí díẹ̀ wò nínú ohun tí ẹ pamọ́, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ṣì dára.

Ẹ̀kẹrin: ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ ń fún ní fáìlì. Bí oníbàárà bá fẹ́ wo ọnà, àwòrán rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹlẹ́rọ mìíràn bá fẹ́ bá yín ṣe iṣẹ́, DST ni kí ẹ fún un. Ẹ má ṣe fún un ní ìyá fáìlì. DST náà ṣe é jí lò, nítorí náà ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì gba ọmọ iṣẹ́, ẹ bá a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí yóò ni ọnà tó bá yà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ẹ má jẹ́ kí a ṣe é sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ra fáìlì ọnà, ẹ ka àdéhùn rẹ̀. Ó lè gbà yín láyè láti fi ṣe aṣọ tà, kí ó má sì gbà yín láyè láti ta fáìlì náà.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ibi kan náà kò tó láti pa ọnà mọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọnà tí ó ń mówó wá fún yín jùlọ.