Ẹ Kọ́kọ́ Bi Server Léèrè: Ìjábọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Àwọn Báńkì Màrínà



Kò sí báńkì tí kì í tẹ ìjábọ̀ jáde lójoojúmọ́: iye owó tó wọlé ní ẹ̀ka Balógun, gbèsè tó ti pẹ́ jù nílẹ̀, ìwé tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Ìjábọ̀ kan á sì máa bí òmíràn. Ọ̀gá á ní kí wọ́n fi nǹkan kékeré kan kún un. Dípò kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á fi "tuntun" tàbí "2" sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Kò ní pẹ́, ẹni tó kọ ọ́ á rí iṣẹ́ sí báńkì mìíràn, tàbí kó japa lọ sí Kánádà.

Ìdàpọ̀ báńkì tún wá dá kún un. Ní oṣù keje ọdún 2004 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìdókòwò báńkì kò gbọ́dọ̀ dín ní bílíọ̀nù 25 náírà nígbà tí ọdún 2005 bá fi máa parí. Bílíọ̀nù 2 péré ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 di 25. UBA àti Standard Trust di ọ̀kan nígbà náà. Ní 2019, Access gba Diamond mọ́ra. Bí ilé méjì bá di ọ̀kan báyìí, ìjábọ̀ méjì tó ń sọ ohun kan náà lè jọ wà lórí server kan, kí iye inú wọn má sì dọ́gba. Ta ni kéèyàn wá bi?

Èmi ní kí a kọ́kọ́ bi server fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú SQL Server Reporting Services, ètò ìtẹ ìjábọ̀ jáde ti ilé iṣẹ́ Microsoft tó jáde ní 2004, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní dátábéèsì tirẹ̀ tó ń jẹ́ ReportServer, nínú èyí tí àtẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Catalog. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé sórí server, ó ní ìlà kan níbẹ̀. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí kò le rárá:

SELECT Path, Name, CreationDate, ModifiedDate FROM dbo.Catalog WHERE Type = 2

Type 1 ni fódà, 2 ni ìjábọ̀, 5 ni ibi tí dátà ti ń wá. Ẹ so CreatedByID mọ́ àtẹ Users, orúkọ ẹni tó gbé ìjábọ̀ náà síbẹ̀ á jáde, ì báà ti dé Toronto.

Ṣùgbọ́n òpó Content ni oyin wà. Gbogbo ara ìjábọ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ ojú lásán kò lè kà á. Ẹ sọ ọ́ di varbinary(max), kí ẹ tún sọ ìyẹn di XML, ẹ ó rí CommandText: gbólóhùn tí ìjábọ̀ náà fi ń béèrè dátà, pẹ̀lú orúkọ àtẹ tó ń kà. Ẹ rántí ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì di díjíìtì 10, èyí tí wọ́n pè ní NUBAN. Ẹni tó mọ ọ̀nà yìí kàn máa wá orúkọ òpó nọ́ńbà àtijọ́ nínú gbogbo CommandText ni, á mọ ìjábọ̀ tó máa dàrú kó tó dàrú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á dúró de ìpè oníbàárà.

Ẹ ka Catalog nìkan o, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Microsoft kò ṣèlérí pé àtẹ yìí kò ní yí padà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa bi léèrè.

Àkọsílẹ̀ kan tún wà, ExecutionLog3, tó ń sọ ẹni tó ṣí ìjábọ̀, ìgbà tó ṣí i, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ọjọ́ 60 péré ló ń rántí. Ìjábọ̀ tí àwọn olùṣírò owó ń lò ní ìparí ọdún nìkan á dà bí òkú ní oṣù kẹfà. A kì í torí pé àgbàrá kò ṣàn lẹ́ẹ̀rùn ká wá kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òjò Èkó, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Kí ẹ tó pa ìjábọ̀ kankan rẹ́, ẹ wo àtẹ Subscriptions náà, bóyá ó ń bá ímeèlì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan láràárọ̀. Ẹni náà lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. LastStatus á sọ bí èyí tó lọ kẹ́yìn ṣe rí.

Òpó kan ṣì kù, Description. Níbi tí mo ti bá a pàdé, òfìfo ló sábà máa ń wà. Kò sí ìbéèrè tó lè kún un, nítorí server kò mọ ìdí tí ọ̀gá kan fi ní kí wọ́n ṣe ìjábọ̀ náà. Ìgbà yìí ló wá kan pé ká lọ bá ènìyàn: ta ló máa pariwo bí ìjábọ̀ yìí kò bá dé lọ́jọ́ Ajé? Èsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ síbẹ̀, láti ojú ìwé tí server fi ń ṣí, kì í ṣe láti inú àtẹ.

Kí ẹ sì tètè ṣe é, nítorí 2022 ni ẹ̀yà Reporting Services tó kẹ́yìn. Power BI Report Server ni Microsoft ń darí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí báyìí. Òun náà ní Catalog. Ìbéèrè tí mo kọ lókè ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi pé Type ti pọ̀ sí i: 13 ni ti ìjábọ̀ Power BI.