Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 Teslim Balógun

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ parí ẹ̀kọ́ yín ní yunifásítì ní Maiduguri níbí, ẹ wò ó. Ní àdúgbò Post Office tí a péjọ sí yìí, ọjà ń lọ, mọ́tò ń fọn fèrè. Àlejò kò ní mọ̀ pé bọ́ǹbù dún níbí ní March 2015. Ìlú yìí lẹ ti kàwé yọrí. Ẹ kú ìforítì.

Teslim Balógun ni mo fẹ́ fi sìn yín sọ́nà. Ẹ ti gbọ́ orúkọ pápá ìṣeré rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin náà? Ọmọ Èkó ni. “Thunder” ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó bá gbá a máa sán bí ààrá. Ní 1949, ó bá ikọ̀ Nàìjíríà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Marine 5-2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1955 ó padà sí England, ó wọ Peterborough United. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Queens Park Rangers gbà á, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì England. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 ló gbá fún wọn, ó jẹ góòlù 3.

Ẹlòmíràn á ní 13 kò tó nǹkan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Balógun kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ wa tó lọ sí Olympics ní Mexico lọ́dún 1968, tí wọ́n bá Brazil ta ọ̀mì 3-3. Brazil o! Ọdún 1972 ló kú, kò tíì darúgbó rárá.

El-Kanemi Warriors, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí tí ẹ ń pariwo rẹ̀, gba ife Challenge Cup ní 1991, wọ́n tún gbà á ní 1992. Ẹnìkan ló kọ́ àwọn ọmọ yẹn, bí Balógun ṣe kọ́ àwọn tirẹ̀. Ó kan ẹ̀yin náà.

Lọ́la, ọ̀pọ̀ yín á wọ mọ́tò lọ sílé, àwọn mìíràn á lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Àwọn àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Kí a tó gbé oúnjẹ wá, ẹ gbé àga yín lọ bá wọn, kí kálukú mú ẹnìkan, kó fi ọ̀nà tó gbà kàwé hàn án.