Iṣẹ́ Tí Físíìsì Ń Kà

[Ìlù dùndún dún díẹ̀, ó rọlẹ̀.]

Bí ẹ bá rí alábàárù kan ní Ọjà'ba ní Ìbàdàn, tí ó ru àpò gàrí, tí ọrùn rẹ̀ sún kì, tí òógùn bò ó lójú, tí ó sì fi gbogbo ọ̀sán yí ọjà náà ká lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kò sí ọmọlúàbí kan tí yóò wò ó tán tí yóò ní kò ṣiṣẹ́; síbẹ̀ ìmọ̀ físíìsì, tí kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, yóò wo ipá tí ó fi gbé ẹrù náà dúró, yóò sì kọ òdo síwájú rẹ̀.

Èéṣe? Ipá kò tíì ṣiṣẹ́ lójú físíìsì, àfi bí ohun tí a lò ó fún bá ṣí lọ sí apá ibi tí ipá náà kọjú sí. Orí alábàárù ń ti ẹrù sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e síwájú. Òkè àti iwájú kò pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dojú kọ òkè Màpó wàyí: bí àpò náà bá wọn kílò 50, tí ó sì gbé e ga ní mítà 20, iṣẹ́ tí ó fi borí òòfà ilẹ̀ ayé jẹ́ nǹkan bíi joule 9,800, ìbáà gba ọ̀nà tààrà, ìbáà gba kọ́rọ́kọ̀rọ̀, ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà. Bí ó bá ṣe pé ńṣe ni ó ń wọ́ àpò náà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ di òmíràn, nítorí ilẹ̀ yóò máa dì í mú ní gbogbo ìgbésẹ̀, ọ̀nà tí ó gùn jù ni yóò sì gba iṣẹ́ jù. Ní ti ọ̀nà tí ó wọ́, tí ipá ń yí padà bí a ti ń lọ, àwọn onímọ̀ a máa gé e wẹ́wẹ́, wọn a ka iṣẹ́ orí ègé kọ̀ọ̀kan, wọn a sì rò ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaspard-Gustave de Coriolis, ni ó fi orúkọ iṣẹ́ pe ìṣirò yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1829. Orúkọ ẹlòmíràn ni a wá fi ń wọ̀n ọ́n lónìí: James Prescott Joule, ọmọ Salford, ọmọ apọntí-tà, tí a bí ní 1818, tí kò ṣe olùkọ́ ní yunifásítì kankan títí ó fi kú. Ó so ìwọ̀n mọ́ okùn, ó jẹ́ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀, okùn ń yí àjẹ̀ nínú omi, omi sì ń móoru. Ní 1850 ó kéde pé iṣẹ́ tí pọ́ùn 772 ń ṣe bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 tó láti fi dígírì 1 Fahrenheit kún ìgbóná omi pọ́ùn 1.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1847, Joule gbé Amelia Grimes níyàwó, wọ́n sì gba àárín òkè Alps lọ gbafẹ́. William Thomson, ẹni tí a wá ń pè ní Lord Kelvin, ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá Chamonix. Ta ni ó pàdé bí kò ṣe Joule, tí ó di tẹmọ́mítà gígùn kan mú, tí ìyàwó ọ̀ṣìngín sì wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn! Thomson fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn òpìtàn kan ń ṣiyèméjì nípa tẹmọ́mítà náà, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ó jẹ́ irọ́. Kí ni ọkọ ìyàwó ń wá? Omi tí ó bá já láti orí àpáta, òòfà ilẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ gbóná ju òkè lọ: Joule ti ṣírò rẹ̀ pé ní Niagara, tí ó já ní ẹsẹ̀ bàtà 160, yóò tó ìdá kan nínú márùn-ún dígírì kan. Joule àti Thomson gbìyànjú rẹ̀ níbi omi tí ó ń já ní Sallanches, omi náà sì fọ́n ká di ìkùukùu kí ó tó dé ilẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Joule ní tirẹ̀, bí ó ti ń ṣe fàájì ìgbéyàwó náà ni ó ń ríran.

Ó kú ní 1889. Ní ibojì rẹ̀ ní ìlú Sale, wọ́n gbẹ́ 772.55 sára òkúta, iye tí ó tún wọ̀n ní 1878. Mo tún fẹ́ kí á dé ọ̀rọ̀ òṣùpá, tí òòfà ilẹ̀ ayé dì mú tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí òṣùpá, bí oṣù bá yí po, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Àmọ́ ọ̀gá ẹlẹ́rọ wa ti ń nawọ́ sí aago, ìròyìn ló kàn. Ó dàbọ̀.

[Ìlù.]