Kí Àwọn Ọmọ Wa Lé e, Kí Àwa Àgbà Gbè é

Ọ̀gbẹ́ni Alága, ẹ̀yin olóyè àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ la òtútù àti ọ̀nà jíjìn kọjá kí ẹ tó dé ibi àpérò ọdọọdún yìí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Kí n tó la ẹnu, mo júbà. Mo júbà àwọn tí ó ti ṣe é rí, mo júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, mo sì júbà ọmọdé, nítorí pé nínú iṣẹ́ eré orí ìtàgé tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ìjúbà ni ó máa ń ṣáájú. Òṣèré tí ó bá fò ó, wọn a ní ilé kò kọ́ ọ. 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kí a fún àwọn ọmọ wa tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní ìtàgé tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn kọ́, níbi tí wọn yóò ti máa fi èdè wa ṣe iṣẹ́ tí ó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n, kí àwa àgbà sì wà lẹ́yìn wọn bí elégbè ti ń wà lẹ́yìn ẹni tí ó ń lé orin. Mo mọ̀ pé a kì í ṣe aláìbìkítà. Ní ọ̀pọ̀ ìnáwó wa, a máa ń pe àwọn ọmọ jáde kí oúnjẹ tó kárí, a wọ̀ wọ́n ní aṣọ òkè, a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé wọn lọ́wọ́, wọn a ka ìlà mẹ́rin márùn-ún tí ìyá wọn kọ́ wọn lálẹ́ àná, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ná wọn lówó, wọn a sì padà sí ìdí tábìlì. Ìfẹ́ ni ó bí i, n kò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ka ohun tí kò yé e, ó yá ohùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń dá a padà fún olóhun. Àṣẹ kò mú èdè jókòó lẹ́nu ọmọ. Ibi tí ọmọ bá ti nílò rẹ̀ láti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn, láti bẹ̀bẹ̀, láti jiyàn, láti pa ẹni tí ó ń wò ó lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni èdè ti ń fìdí kalẹ̀, orí ìtàgé ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí sì ti ń pàdé.

Iṣẹ́ eré orí ìtàgé kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú Aláàfin, wọ́n ṣe eré fún un wò, eré àwọn apidán tí a ń pè ní alárìnjó, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Ó rí àwọn tí wọ́n ń jó nínú àpò, ó rí ìdán òjòlá, lẹ́yìn náà ni ó rí òṣèré tí ó ṣe bí òyìnbó kan tí ó rù, tí òtútù ń mú, tí ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tí èrò ìwòran sì ń rẹ́rìn-ín títí. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi: òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni, àwọn òṣèré sì ti fi í sínú eré kí ó tó gbọn eruku ẹsẹ̀ tán. Àwọn baba wa kò dúró kí nǹkan di àtijọ́ kí wọ́n tó fi ṣeré. Nítorí náà, bí ọmọ wa tí ó ń gbé ní Peckham ní London bá fi bọ́ọ̀sì àti iléèwé rẹ̀ sínú àlọ́ Ìjàpá, kò ba àṣà jẹ́ rárá. Ipa àwọn alárìnjó gan-an ni ó ń tọ̀.  

Bí a bá wo ìran tí ó tẹ̀lé wọn, a ó rí ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ó sọ ìwé Amos Tutùọlá di eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963. Àti Dúró Ládiípọ̀, tí ó gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní ọdún kan náà: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti ṣe tíṣà rí. Lára ọmọ iléèwé àti nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kó èwe jọ, bí a ṣe ń fún onítìjú ní iṣẹ́ tí kò ní pa á láyà, àti bí a ṣe ń mú kí aláriwo dákẹ́ kí ó lè gbọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Òde kò tètè mọ iyì irú wọn. Alágbe ni àwọn kan ń pe òṣèré, òbí sì ń ka ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé wọn sí ọmọ tí ó nù. Lónìí, ta ni ó lè ro ìtàn èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún tí ó kọjá kí ó má dárúkọ wọn?

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ilẹ̀ Yèyé Ọ̀ṣun. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Ulli Beier ṣí ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì ya bò ó. Jimoh Buraimoh ni ó ń mójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Muraina Oyelami, Rufus Ogundele àti Jacob Afolabi wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré náà. Ijó ni Twins Seven-Seven bá dé. Láàárín ọdún 1962 sí 1964 ni wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, tí a fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé irú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Àwọn márààrún tí mo dárúkọ sì di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìtàgé ní àyè fún ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo lè tan iná, ẹni tí ojú ń tì lè lu ìlù, ẹni tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lè ṣètò ohùn, tí wọn yóò sì máa gbọ́ Yorùbá ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára.

Ní ọdún 1965, Ọba Kò So dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ọdún kan náà ni ilé eré Belgrade ní ìlú Coventry dá ẹgbẹ́ òṣèré kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé eré lọ bá àwọn ọmọ ní iléèwé wọn, ọ̀nà tí wọ́n là sì ti di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tọ̀. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá ìtàn dúró lágbede méjì, kí wọ́n bi àwọn ọmọ pé kí ni kí ẹni yìí ṣe, ta ni ẹ gbà gbọ́, kí wọ́n sì gbọ́ ìdáhùn kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí abẹ́ òṣùpá rí ní kékeré yóò ti máa mi orí, nítorí pé apàlọ́ wa kò sọ ìtàn fún odi rí. Bí ó bá pe àlọ́, a ó dá a lóhùn, bí ó bá lé orin, a ó gbè é, bí ó bá sì parí, yóò bi wá léèrè ẹ̀kọ́ tí àlọ́ náà kọ́ wa.

Nítorí náà, àlọ́ àpagbè ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé eré àwọn ọmọ wa. Nínú rẹ̀, ẹnì kan ń lé, ìyókù ń gbè. Ègbè kì í sábà ju gbólóhùn kúkurú kan lọ, léraléra ni a sì ń padà sí i, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò mọ̀ ju ìkíni àárọ̀ lọ lè gbè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ láìsí ìtìjú, nítorí pé ohùn rẹ̀ wà láàárín ohùn ẹgbẹ́. Orin wa a sì máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ní gíga àti ní ìsàlẹ̀, nítorí náà ohun tí àmì orí ìwé kò rí ṣe fún etí tí ó ti mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lára, orin àti dùndún yóò ṣe é. Bí ó bá ṣe díẹ̀, ọmọ tí ń gbè yóò béèrè ìtumọ̀ ohun tí ó ń gbè. Lẹ́yìn ìyẹn yóò gba ipa oníṣẹ́ ọba, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò gba ipa Ìjàpá, tí kì í dákẹ́. Ọjọ́ kan yóò sì dé tí òun fúnra rẹ̀ yóò lé orin, tí àwọn ọmọ kéékèèké mìíràn yóò máa gbè lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí a má ṣe gbé eré tí àgbà ti kọ parí lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Kí olùdarí tí ó mọ iṣẹ́ jókòó tì wọ́n, kí ó bi wọ́n ohun tí ń dùn wọ́n, ohun tí ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àti ohun tí wọ́n fẹ́ bi ìyá àgbà tí wọn kò tíì rí àyè bi. Kí ó rán wọn sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n lọ bi bàbá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì, àti ìyá tí ó ń tọ́jú aláìsàn lóru, bí ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn ní ìlú yìí ti rí; kí wọ́n gbọ́ ìtàn náà pẹ̀lú òwe rẹ̀, kí wọ́n sì fi í hun eré. Ọmọ tí ó bá ṣe ipa bàbá rẹ̀ lórí ìtàgé, tí ó wọ́ àpótí dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow nínú ẹ̀wù tí kò nípọn tó òtútù, yóò lóye ohun tí ìwàásù inú ilé kò tíì lè là yé e. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ibi ìdánrawò ni a ti lè rí òwe náà níṣẹ́.

Bí ọmọ bá ṣi ohùn gbé, kí a tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹ̀rín àgbà ti pa Yorùbá mọ́ lẹ́nu títí di òní. Kí ìdánrawò máa wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a má dúró di ìgbà tí àpèjẹ bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kí a sì pa òfin ilẹ̀ mọ́: láti ọdún 1963 ni òfin ilẹ̀ yìí ti là á sílẹ̀ ìgbà tí ó yẹ kí a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù kí ọmọ tó ṣeré fún àwùjọ. Kí ẹni tí kò bá yege nínú àyẹ̀wò ìwà àtẹ̀yìnwá má ṣe dúró ti ọmọ ọlọ́mọ.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan ń rò, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ ti ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ẹ ti ṣiṣẹ́ òru, kí ọmọ yín lè di dókítà tàbí agbẹjọ́rò, ẹ kò sì fẹ́ kí eré gba àkókò ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí agbẹjọ́rò ń ṣe níwájú adájọ́, kí ó dúró, kí ó gbọ́ alátakò rẹ̀ yékéyéké, kí ó sì fèsì láìgbọ̀n, ìtàgé ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá sì fẹ́ mọ ìrora aláìsàn, àfi kí ó kọ́ bí a ti ń fi ara ẹni sí ipò ẹlòmíràn, èyí tí òṣèré ń ṣe lójoojúmọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀kọ́ tí òwe náà ń sọ ju ìwé lọ.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí ní ohun mẹ́ta. Kí a ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí a fi sanwó fún olùdarí, onílù àti gbọ̀ngàn, kí a mú un láti inú ohun tí a ń ná sí aṣọ ẹbí àti àsè; bí a bá dín ìnáwó kan kù, àpèjẹ kò ní bàjẹ́. Kí a yan àwọn àgbà tí yóò jẹ́ orísun ìtàn, oríkì àti orin fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa wá nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìdájọ́ ìkẹyìn lórí eré wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, bí wọ́n tilẹ̀ yan ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, bí wọ́n tilẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì sí ibi tí ìtàn wọn ti ṣẹlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n tilẹ̀ bi wá ní ìbéèrè tí yóò mú wa wolẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìtàgé yín ni. Ẹ má ṣe dúró kí Yorùbá yín pé kí ẹ tó gun orí rẹ̀; orí rẹ̀ ni yóò ti pé. Ẹ̀yin àgbà, àwa ni a ti ń lé orin láti ìgbà tí a ti dé ilẹ̀ yìí, a sì lé e dáadáa. Ní àpérò ọdún tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lé e, kí àwa gbè é, kí a gbè é sókè tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi mọ̀ pé a wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ mi kò ní bọ́ sílẹ̀. Olódùmarè yóò dá ẹ̀mí wa sí, yóò sì jẹ́ kí ojú wa rí i. Àṣẹ.